Màmá Tíṣà àti Àwọn Lékeléke Àjàyí

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wọlé wá kí wa lẹ́yìn tí ìyá mi àgbà papò dà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ tí wọ́n bá ti jókòó tán. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Màmá Tíṣà! Obìnrin tó le bí àpáta." Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní ibi tí Màmá ti na òun ní kíláàsì kẹta nìyí, pé bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ṣì ń ta òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé àwàdà ni òun ń ṣe.

Èmi náà ò ní jiyàn. Màmá le. Àmọ́ èmi ni mo bá a gbé ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì níbí, ní àwọn ọdún tó lò kẹ́yìn, mo sì rí ohun kan tí àwọn tí Màmá nà kò dúró rí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ eléyìí. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ọdún tí wọ́n bí i gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dájú, òun fúnra rẹ̀ a sì máa yí i padà bó bá ṣe wù ú. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kó tó di pé ìrántí bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí àkùkọ tó kọ ni Màmá ti ń gbálẹ̀. Ó mọ bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ gbígbá rí: ojú ọwọ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára iyẹ̀pẹ̀, kí gbogbo ìlà rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ìlà inú ìwé ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rú u kí oòrùn tó yọ, á tún un gbá. Iyán ni ó ń jẹ lọ́sàn-án, kì í yẹ̀. Ìrẹsì, ó ní oúnjẹ ẹyẹ ni. Bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ọmọ kan nídìí oúnjẹ, Màmá á dá òkèlè rẹ̀ dúró láàrin abọ́ àti ẹnu, á máa wo ọmọ náà títí ẹ̀rín ọ̀hún yóò fi kú fúnra rẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀. Òkèlè yẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Eré ni kò fẹ́ rí sójú. Ó ní òwe tirẹ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn rí: "Ẹni tó ń ṣeré, ebi ń bọ̀ lọ́nà rẹ̀." Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò kan. Ìdérí kóòkì ni táyà rẹ̀, mo sì so okùn mọ́ ọn níwájú. Mo fà á yí ilé ká títí ọ̀fun mi fi gbẹ nítorí èmi náà ni mò ń dún bí ẹ́ńjìnnì. Màmá jáde, ó gbé mọ́tò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí. Ó tú táyà rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ ilé ìdáná.

"Agolo yìí á gba iyọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ó gba iyọ̀ lóòótọ́. Inú rẹ̀ la ti ń bu iyọ̀ títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdírì.

Bí ó ṣe ń bá ọmọ jà náà ló ń bá àgbà jà. Aládùúgbò wa ni Ìyá Délé, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ewúrẹ́ Ìyá Délé wá jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí Màmá gbìn sẹ́yìn ilé. Màmá mú ewúrẹ́ náà, ó so ó mọ́ igi gúáfà, ó gbé àga síwájú rẹ̀, ó sì bá a wí láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀, bó ṣe máa ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí. Èmi ló rán pé kí n lọ dá ewúrẹ́ padà. Nígbà tí Ìyá Délé jáde tó ń bínú, Màmá ti dúró lẹ́yìn mi.

"Mo ti bá ewúrẹ́ yín wí tán," ó ní. "Ó ti gbọ́. Ó ku ẹ̀yin."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé ní àsìkò òjò kan, tó fi ìbàdí ṣubú. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Adó nígbà náà, mo sì kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, àga ni, ọ̀pá ni. Fún obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti lè dúró, ìyà ńlá ni. Ní òwúrọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa tọ́ka ibi tí mo gbá kù. Lẹ́yìn náà, nígbà tó rí i pé mo mọ̀ ọ́n gbá, kò tún rí nǹkan kan wí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ń rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ká sílẹ̀ tí wọn kò sè.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo jókòó sí pálọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì, mò ń wo fíìmù kan tí ọ̀rẹ́ mi kan fún mi. Fíìmù àfọwọ́yà ni, irú èyí tí kò sí ẹ̀dá alààyè nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, igi, ilé, èèyàn, èèyàn ló fi ọwọ́ yà á. Màmá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń wò?"

"Fíìmù ni, Màmá. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà."

"Kàtúùnù." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó rí ọ̀kùn nínú ọbẹ̀. "Àgbàlagbà ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba."

Nínú fíìmù náà, ọmọdébìnrin kan ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù kiri abúlé kan tó wà láàrin òkè. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi: "Ewúrẹ́ ta ni?" Mo yí àga rẹ̀ díẹ̀ kó lè rí i. Ó ní kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù náà. Ọmọ yẹn sá sábẹ́ òrùlé ilé kan, ó sì dúró. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ìkán omi kan dúró sí etí òrùlé, ó wú, ó gùn, ó rọ̀ dirodiro, ó já. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ síta, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, omi já sí i, ó sì pa ìka rẹ̀ dé bí ẹni tó mú ẹ̀dá alààyè kan.

"Dá a padà," Màmá wí.

Mo dá a padà. A tún wo ìkán omi náà. Ó ní kí n tún dá a padà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá mi àgbà ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sókè, kò sì mọ̀.

"Ta ló kọ́ wọn ní òjò Ìyìn?" ó bi mí.

Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n bí i sí. Mo sọ fún un pé àwọn tó ya fíìmù náà kò gbọ́ orúkọ Ìyìn rí láyé wọn. Mo wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: pé ẹnìkan ya ìkán omi náà bó ṣe ń wú, ó mú bébà mìíràn, ó yà á bó ṣe gùn díẹ̀ sí i, ó tún mú òmíràn, pé tí wọ́n bá wá fi gbogbo bébà náà sáré kọjá lójú ẹni, ojú á rò pé omi ń já. Màmá gbọ́ àlàyé náà bí ó ṣe máa ń gbọ́ ìwàásù, pẹ̀lú ìfura.

"Wọ́n jókòó nítorí ìkán omi kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n lè lo ọjọ́ púpọ̀ nídìí rẹ̀."

Ó tún wo ìkán omi náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó bá lè fara balẹ̀ báyìí fún ìkán omi, Ọlọ́run ò ní fi òùngbẹ pa á."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sán Sátidé di ti fíìmù. A wo ti ewúrẹ́ náà títí Màmá fi mọ ibi tí ewéko ti mì àti ibi tí kò mì. Mo wá àwọn mìíràn. Kò bìkítà fún ìtàn wọn púpọ̀. Ohun kéékèèké ló ń wá: bí aṣọ ṣe ń fẹ́ lórí okùn, bí èéfín ṣe ń jáde láti inú ìkòkò, bí ológbò ṣe ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó fò. Nígbà tó bá rí ọ̀kan, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pá, bí ẹni pa ẹ̀fọn.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tó ṣe é. Ó pẹ́ tí Màmá ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti rí òjò nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kámẹ́rà á mú gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹni tó gbé e wò ó, ì báà jẹ́ pé kò wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ yà á kò lè ya ohun tí kò wò. Àfi kó padà lọ wo omi bí ọmọdé ṣe ń wò ó, ọmọ tí wọn kò tíì sọ fún pé omi lásán ni. Mo rò pé ohun tó bá Màmá nìyẹn. Ẹnìkan tí kò mọ̀ rí ti bá a wo òjò, ó sì rántí pé òun náà ti wo òjò bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún òun pé iṣẹ́ ń dúró.

Kò sì mọ sí inú fíìmù. Mo ń fọṣọ ní òwúrọ̀ kan nígbà tó pè mí pẹ̀lú ohùn tí mo fi rò pé ó tún ti ṣubú. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ. Ó gbé ìka sétè, ó tọ́ka sí ara ògiri. Alángbá ni, akọ, olórí pupa. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó tún mi orí.

"Alángbá ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé alángbá ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń lé alángbá," ó ní, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "N kò tíì rí ọ̀kan rí."

Ọjọ́ kan tí a ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, a dé oríta Fájuyì, ó ní kí onímọ́tò dúró. Mo rò pé ó fẹ́ ra nǹkan. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń ta ike tí àwọn ọmọdé fi ń fẹ́ ìfòfó ọṣẹ. Ó ń fẹ́ ẹ kí àwọn èèyàn lè rí i, ìfòfó náà sì ń gba orí àwọn ọlọ́kadà kọjá, ó ń dán, ó ń yí àwọ̀ padà. Màmá yí gíláàsì fèrèsé sílẹ̀. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, onímọ́tò ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń bú mi."

"Jẹ́ kí wọ́n máa fun ún," Màmá dá a lóhùn. "Èyí ò tíì bẹ́."

Ìyá Délé ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ó wá kí i ní Sátidé kan, ó sì bá wa níbi tí a ti ń wo fíìmù ewúrẹ́. Ó dúró sáàrin pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin, Màmá Tíṣà? Àwòrán àwọn ọmọ wẹ́wẹ́? Kí ni ìjọ á gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúùlù tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín!"

Mo rò pé ìjà dé. Màmá ní kí n dá fíìmù náà dúró. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ìyá Délé, ta ló sọ pé bí a kò bá dà bí ọmọdé, a kò ní wọlé?"

"Jésù ni."

"Ṣé Ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni?"

Ìyá Délé ní òun ò ní jókòó pẹ́. Mo tẹ fíìmù náà, ó ń lọ. Nígbà tí ọmọdébìnrin yẹn gbọ́ ohùn ewúrẹ́ rẹ̀ láti òkè kejì, tó dáhùn, tí ewúrẹ́ sì tún dáhùn, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá Délé ti jókòó. Etí gèlè ló fi ń nu ojú. "Mo ní irú rẹ̀ rí," ó ń sọ. "Ṣẹ́gi ni mo pè é. Wọ́n pa á fún ìsìnkú bàbá mi, kò sẹ́ni tó bi mí." Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, n kò sì rò pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Màmá na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì wo fíìmù náà dé ìparí bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé kejì, Ìyá Délé mú àbúrò rẹ̀ dání. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà àdúgbò fi ń gbé àga ti ara wọn wá.

"Ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀," ni Màmá máa ń wí fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ sì bọ́ àgbà náà síbẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù yẹn ló fa ọ̀rọ̀ Àjàyí yọ. Ẹyẹ kan ń fò nínú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, Màmá sì ní kí n jẹ́ kó máa rọra lọ, bí ó bá ti lè rọra tó. Mo mú kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ́ lókè, ìyẹ́ láàrin, ìyẹ́ nísàlẹ̀. Màmá wò ó títí, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àjàyí ti ya èyí," ó ní. "Àjàyí ya èyí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

Mo mọ̀ pé Màmá ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Ìyìn. Mo mọ̀ pé káfíńtà ni. Ìgbà tí a bá ń sin òkú nìkan ni mo ń rí i, kì í sì í jókòó sí ibi tí Màmá bá wà. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyá wọn kú nígbà tí Àjàyí ṣì wà lẹ́nu ọmú. Màmá, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì tó wúńdíá, ló tọ́ ọ. Ó fún un ní ẹ̀kọ mu, ó kọ́ ọ ní ìrìn, ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Bàbá wọn a máa pẹ́ lóko. Nígbà tí Àjàyí tó ọmọ tó lè jíṣẹ́, Màmá sá èlùbọ́ sórí àpáta, gbogbo iṣu tí wọ́n fẹ́ fi la ọdún já, ó ní kí Àjàyí máa ṣọ́ ọ, kó sì kó o bí òjò bá ṣú. Òun lọ odò. Òjò ṣú, òjò rọ̀. Nígbà tó sáré dé, èlùbọ́ ti di ẹrẹ̀, Àjàyí sì wà lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú èédú lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

"Lékeléke ló ń yà," Màmá ní. "Ó tò wọ́n láti ìpìlẹ̀ ògiri dé igun. Ìyẹ́ ti àkọ́kọ́ wà lókè, ti ìkejì rẹlẹ̀ díẹ̀, ti ìkẹta tún rẹlẹ̀. Mo rò pé kò mọ ẹyẹ yà ni, tí kò fi lè ya méjì kí wọ́n jọra. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni, Àbẹ̀kẹ́! Ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń fò lórí ògiri yẹn. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

Kò lù ú. Ó pọn omi, ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, ó sì ní kí Àjàyí fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri náà, títí kò fi ku ẹyẹ kan. Ebi pa wọ́n lọ́dún náà lóòótọ́. Àjàyí kò sì tún ya nǹkan kan mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó dàgbà, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí bàbá wọn kú, tí àwọn ẹbí ń yin Màmá pé ó ṣe ìyá fún àbúrò rẹ̀, ni Àjàyí dìde láàrin wọn. Láàrin ara wọn, àwọn méjèèjì kì í lo "ẹ̀yin", gẹ́gẹ́ bí ará Èkìtì àtijọ́.

"Ó ní, 'Ìwọ lo tọ́ mi, mo dúpẹ́. Ìwọ náà lo rẹ́ mi,'" Màmá wí. "Mo rò pé ọtí ló ń pa á. Mo bínú. Mo ní kó má tẹ ulé mi mọ́." Bí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́, ohùn Ìyìn ló máa ń jáde, ilé á di ulé, iṣẹ́ á di uṣẹ́.

Ó wo ẹyẹ tó dúró lójú láptọ́ọ̀pù náà. "Gbé mi lọ sí Ìyìn," ó ní. "Kí o sì gbé àpótí yìí dání."

A lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àjàyí, tí èmi ń pè ní Bàbá Àjàyí, wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń fi ayùn la pákó, pẹ́ńsùlù káfíńtà há sí etí rẹ̀, ilẹ̀kùn tuntun fara ti ògiri káàkiri. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ń wo mọ́tò, níbi tí Màmá ti ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀.

"Ta ló kú?" ó bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni mo wá."

"Ìjókòó ń bẹ níbẹ̀." Ó padà sídìí ayùn rẹ̀.

Màmá jókòó. Ó ní kí n ṣí i. Mo fẹ́ eruku pákó kúrò lórí tábìlì iṣẹ́, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ fíìmù ewúrẹ́ láti ibi tí òjò ti ń rọ̀. Ohùn òjò kún àtíbàbà náà. Ayùn ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń falẹ̀, ó dúró. N kò mọ ìgbà tí bàbá náà dé ẹ̀yìn mi. Ó tẹ̀ ba, ó na ìka rẹ̀ sí ojú láptọ́ọ̀pù láì fi kàn án, ó sì tẹ̀ lé ìlà ìkán omi náà láti etí òrùlé dé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ.

"Ọwọ́ ni," ó ní. "Ọwọ́ èèyàn ló ya èyí."

"Mo mọ̀," Màmá fèsì.

Ó ti dìde. Ó ti ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó mú orókún tó dáa síwájú, ó sì ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Àjàyí figbe ta.

"Kí lò ń ṣe? Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò! Ṣé o fẹ́ kí ilẹ̀ lanu ni?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn ni. Fi mí sílẹ̀, Àjàyí. Èmi ni mo rẹ́ wọn."

Bàbá Àjàyí gbá a lápá méjèèjì mú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì kúnlẹ̀, ọ̀kan kò sì fẹ́ dìde. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Àjàyí gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀ bí ọmọdé tó fẹ́ tú àṣírí.

"Ti iwájú nìkan lo rí," ó ní. "Wọ́n yí ulé ká. Wọ́n dé ẹ̀yìn, níbi ìbẹ́pẹ. O ò dé ẹ̀yìn ulé lọ́jọ́ yẹn."

Màmá gbé orí sókè. "Àwọn ti ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ títí ulé fi wó. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Ìgbà yẹn ni omijé bọ́ lójú ìyá mi àgbà. N kò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí bàbá mi àgbà kú. "O ṣeun," ó ń wí, "o ṣeun, Àjàyí, tí o ò sọ fún mi. Ǹ bá rẹ́ wọn."

Bàbá Àjàyí mú un jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fa pákó kan tó ti fá mọ́ra, ó sì ya lékeléke kan. Ìlà náà gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni. Màmá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú jù. Bàbá Àjàyí ní kó fi tíṣà ṣíṣe sílẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà gẹ́lẹ́, n kò sì mọ̀ rí pé ẹ̀rín Màmá jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ Sátidé la lọ sí Ìyìn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ra bébà, Bàbá Àjàyí ń yà, mo sì ń fi fóònù ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá ló ń mú bébà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Wọ́n jà lórí ìrù ẹyẹ, wọ́n jà lórí ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ó pé, mo tò wọ́n tẹ̀lé ara, mo gbé fóònù sáàrin àwọn méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́. Lékeléke kan dìde láti ìsàlẹ̀ bébà, ó na ìyẹ́, ó fò kọjá, ó lọ. Kò gùn ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa máa ń ṣe tí lékeléke bá ń kọjá: wọ́n á na ìka sókè, wọ́n á máa jù ú, wọ́n á ní kí ẹyẹ náà fún àwọn ní funfun sí èékánná. Màmá Tíṣà, ẹni tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ń bẹ̀rù, gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè níwájú fóònù yẹn, ó sì ń ju ìka rẹ̀ sí ẹyẹ tí àbúrò rẹ̀ yà. Lẹ́yìn náà ó yẹ èékánná rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na wọ́n sí mi.

"Wò ó dáadáa," ó ní. "Ṣé kò fún mi?"

Mo ní ó fún un. Ó fún un lóòótọ́.

Àsìkò ọyẹ́ ni Màmá lọ. Ó ti jẹ iyán rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ní kí n gbé àga òun síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó fẹ́ wo eruku bó ṣe ń jó nínú ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló sùn sí. Mo rò pé oorun ni.

Bàbá Àjàyí ló kan pósí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò lè lọ sí Ìyìn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo wá lọ, mo bá a nídìí tábìlì iṣẹ́, bébà kún iwájú rẹ̀. Mo rò pé ẹyẹ ni. Kì í ṣe ẹyẹ. Ọrùn ọmọbìnrin kékeré kan ni, láti ẹ̀yìn, irun rẹ̀ wà ní dídì, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sódò sì wà níwájú rẹ̀, láàrin koríko.

"Ojú rẹ̀ nígbà náà, mi ò rántí," bàbá náà sọ fún mi. "Ọrùn yìí ni mo mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà."

Mo ya fọ́tò wọn bí a ti máa ń ṣe, mo tò wọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Ìkòkò ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí ọmọbìnrin náà. Koríko ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì. Ọ̀nà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì dúró kí odò tó yọ.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá," mo wí. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dé odò?"

Ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Kí ni ìkánjú?" ó ní. "Ó ṣì pọ̀n mí."